Ohun Tó Wà Nínú Báàgì Àwọn Ìyá Wa

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tí kò sí nílùú Ìbàdàn ní nǹkan bí ọdún 1975, báàgì obìnrin ni kó tú wò. Tẹlifóònù ò sí nílé ọ̀pọ̀ èèyàn. Báńkì á ti tìlẹ̀kùn kí oòrùn ọ̀sán tó rọlẹ̀. Bí orí bá ń fọ́ èèyàn nínú ọkọ̀, kò sí ibi tó ti fẹ́ rí oògùn títí ọkọ̀ á fi gúnlẹ̀. Bí òjò bá sì ká a mọ́ ojú títì, àfi kó rìn nínú ẹ̀. Obìnrin tó ń múra àtijáde láàárọ̀ ti ro gbogbo ìyẹn kó tó nawọ́ mú báàgì, ohun tó bá sì rò ló ń kó sínú ẹ̀.

Àwọn ohun kéékèèké wọ̀nyẹn ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Àwọn àgbà obìnrin tó mọ ìlò wọn ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn ọmọ tó bá sì ṣí báàgì ìyá wọn lẹ́yìn ìsìnkú kì í sábàá mọ ohun tí ìdajì ẹrù inú ẹ̀ wà fún. Wọ́n á dà á sórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n á mú owó, wọ́n á mú góòlù, ìyókù á di pàǹtí. Ó máa ń dùn mí gan-an.

Ọmọ oníṣòwò aṣọ ni mí. Gbági àtijọ́ nítòsí Dùgbẹ̀ ni ìyá mi ti ń tajà, kí wọ́n tó kó àwọn aláṣọ lọ sí Gbági tuntun lójú ọ̀nà Ifẹ̀. Báàgì wọn dúdú, awọ ni, irin róbótó méjì ló fi ń pa ẹnu dé, a sì máa ń gbọ́ ìró rẹ̀ láti yàrá kejì. Àbúrò wọn, tí gbogbo ilé ń pè ní Àǹtí Nọ́ọ̀sì, ń ṣiṣẹ́ nílé ìwòsàn ìjọba. Tiwọn kéré, ó funfun, ó bá bàtà ẹsẹ̀ wọn mu. Ohun tó wà nínú ti oníṣòwò kò jọ ti nọ́ọ̀sì tán, ṣùgbọ́n òfin kan náà ló de méjèèjì: ọmọ kì í tọwọ́ bọ̀ ọ́. Bí ìyá mi bá fẹ́ fún wa lówó, wọn ò ní sọ pé ká lọ mú un nínú báàgì. Wọ́n á ní, “Gbé báàgì mi wá.” A ó gbé e wá ní títì, àwọn fúnra wọn á ṣí i, wọ́n á dojú ẹ̀ kọ àyà. Bàbá mi gan-an kì í ṣí i. Wọ́n á kọ́kọ́ béèrè.

Ìyá tó bí ìyá mi ò gbé báàgì rí. Ọmọ Abẹ́òkúta ni wọ́n, ara aṣọ ni ẹrù wọn wà. Wọ́n ní tòbí tí wọ́n ń wọ̀ sábẹ́ ìró, tó ní àpò, tó sì ní okùn tí wọ́n fi ń fà á mọ́ ìdí. Owó wẹ́wẹ́ wà ní etí ìró, èyí tó bá nípọn wà nínú tòbí. Tí wọ́n bá fẹ́ yọ ọ́, wọ́n á kọjú sí ògiri, wọ́n á sì pẹ́ níbẹ̀ díẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ àpótí aṣọ wọn wà níbẹ̀, agolo aáṣáà kékeré wà níbẹ̀, obì kan tí wọ́n fi ewé wé náà wà níbẹ̀. Bébà kan tún wà, tí wọ́n ti ká léraléra títí ojú ibi tí wọ́n ká a fi ń ya. Ríìsíìtì owó orí ni.

Àwọn ọmọ òde òní kì í tètè gbà pé obìnrin sanwó orí rí. Wọ́n san án. Ọdún 1918 ni ìjọba amúnisìn bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó orí nílẹ̀ Ẹ̀gbá, ọmọbìnrin tó bá sì ti pé ọdún 15 ti bọ́ sínú àwọn tó ń san án. Orúkọ ara rẹ̀ ni wọ́n fi ń gbà á, kì í ṣe orúkọ ọkọ. Nígbà tó di ọdún 1947, Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti àti Ẹgbẹ́ Àwọn Obìnrin Abẹ́òkúta kó ara wọn lọ sí ààfin Aké, wọ́n ní àwọn ò san mọ́. Ìjọba dá owó orí obìnrin dúró, Aláké Adémọ́lá Kejì sì kúrò lórí ìtẹ́ ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1949, kí wọ́n tó padà síbẹ̀ níparí ọdún 1950. Ìyá àgbà wà lára àwọn tó lọ sí Aké. Ríìsíìtì yẹn ò kúrò nínú tòbí wọn títí wọ́n fi kú, bẹ́ẹ̀ ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti bi wọ́n léèrè rẹ̀ kẹ́yìn. Bí mo bá bi wọ́n pé kí ni wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ sí, wọ́n á ní, “Wọ́n lè tún dé.”

Lọ́dọ̀ tèmi, ọ̀rọ̀ yẹn ni gbogbo báàgì obìnrin tó tẹ̀ lé tòbí dá lé. Wọ́n lè tún dé. Òjò lè rọ̀. Owó lè tán. Ara ọmọ lè gbóná. Ohun tí mo ń rí ni obìnrin tó ti gba ìyọnu ọjọ́ náà sílẹ̀ kó tó ṣẹlẹ̀, ìyọnu tirẹ̀ àti ti ẹni tí kò mọ̀ rí.

Awọ ò ṣàjèjì sí wa. Àwọn oníṣọ̀nà awọ Ọ̀yọ́ ti ń rán àpò, tìmùtìmù àti àkọ̀ idà ṣáájú kí Òyìnbó tó dé. Awọ ewúrẹ́ pupa tí wọ́n ń ṣe nílẹ̀ Haúsá máa ń gba aṣálẹ̀ kọjá dé Mòrókò, ìyẹn ni àwọn ará Yúróòpù fi ń pè é ní awọ Mòrókò. Ohun tó ṣàjèjì ni pé kí obìnrin fọwọ́ gbé ẹrù ìkọ̀kọ̀ rẹ̀ níta gbangba, kó má pa á mọ́ sábẹ́ aṣọ. Àwọn olùkọ́, nọ́ọ̀sì àti akọ̀wé ìjọba ló kọ́kọ́ ń gbé e. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1956, tí Ọbabìnrin Elizabeth wá sí Nàìjíríà, tí wọ́n sì dé Ìbàdàn, ìyá mi wà lára àwọn ọmọ iléèwé tí wọ́n tò sójú títì. Ohun tí wọ́n rántí jù lọ ni báàgì tó wà lápá Ọbabìnrin, wọ́n sì máa ń béèrè lọ́wọ́ ara wọn pé kí ló wà nínú ẹ̀. Nígbà tí wọ́n di ìyàwó ilé, àwọn olówó ń lọ ra tiwọn ní Kingsway ní Dùgbẹ̀, àwọn yòókù ń ra ti Ọ̀yọ́ àti ti ọjà. Ti ìyá mi, Ọ̀yọ́ ni.

Owó ni ká ti bẹ̀rẹ̀. Pọ́ọ̀sì kékeré kan wà fún owó ẹyọ. Ìnujú kan sì wà, ìyẹn áńkáṣíìfù funfun tó ní òdòdó létí, kókó mẹ́rin ló wà ní igun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Owó ọkọ̀ wà ní ọ̀kan, owó ọbẹ̀ wà ní ìkejì, owó àjọ wà ní ìkẹta. Ẹ̀kẹrin, wọn kì í sọ ohun tó wà fún. Nígbà tí náírà dé ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1973, ṣílè mẹ́wàá di náírà kan, páùn kan di náírà méjì, ṣùgbọ́n ìyá mi ò yí ẹnu padà. Kọ́bọ̀ mẹ́wàá ṣì ni ṣílè lọ́dọ̀ wọn, kọ́bọ̀ márùn-ún ṣì ni sísì, ó sì pẹ́ gan-an kí ìyẹn tó kúrò lẹ́nu wọn. Wọ́n ní onínì kan, owó tó ní ihò láàárín, tí mẹ́wàá rẹ̀ ń jẹ́ kọ́bọ̀ kan láyé àwọn Òyìnbó. Kò lè ra nǹkan kan mọ́. Wọ́n fi okùn so ó mọ́ kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù.

Káàdì àjọ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pọ́ọ̀sì. Ilé 31 ló wà lórí ẹ̀, ọ̀kan fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan. Alájọ á wá sí ìsọ̀ láàárọ̀, ìyá mi á fún un ní iye kan náà tí wọ́n ń fún un lójoojúmọ́, á fi bírò fa ilé kan. Bí oṣù bá parí, á mú ti ọjọ́ kan gẹ́gẹ́ bí owó iṣẹ́ rẹ̀, á kó ìyókù lé wọn lọ́wọ́. Kò sí èlé, kò sí ìwé ẹ̀rí, àfi káàdì pélébé yẹn àti ojú tí ẹni méjì jọ mọ̀. Alájọ Ṣómólú tí a fi ń pòwe nípa orí pípé, èèyàn gidi ni. Alphaeus Taiwo Olunaike lorúkọ wọn, ọmọ Ìjẹ̀bú ni wọ́n, ọdún 2012 ni wọ́n kú lẹ́ni ọdún 97. Àwọn obìnrin tí wọn ò ní ìwé báńkì ni irú wọn ń bá pa owó mọ́, ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù tí ẹ ń rí lónìí ló ti inú káàdì bẹ́ẹ̀ jáde.

Àwọn tó ní ìwé báńkì náà gbé e sínú báàgì, ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni ìyà tibẹ̀. Àǹtí Nọ́ọ̀sì á lọ gba owó oṣù, wọ́n á fún wọn ní tálì, irin pélébé tó ní nọ́ńbà lára, wọ́n á sì jókòó sórí bẹ́ǹṣì títí wọ́n á fi pe nọ́ńbà náà. Ìdí nìyẹn tí súwẹ́tà tí wọ́n ń hun lọ́wọ́ fi máa ń wà nínú báàgì wọn lópin oṣù, pẹ̀lú abẹ́rẹ́ gígùn méjèèjì tí orí wọn yọ síta. Ọmọ wọn kẹta, báńkì ni wọ́n ti hun gbogbo aṣọ òtútù rẹ̀.

Ní oṣù kẹrin ọdún 1984, ìjọba ológun yí àwọ̀ owó padà, wọ́n ti ẹnubodè, wọ́n sì fún ará ìlú ní ọjọ́ díẹ̀ péré láti pààrọ̀ owó tó wà lọ́wọ́ wọn. Àwọn obìnrin ọjà tò títí dé ojú títì. Ọjọ́ yẹn ni ìyá mi tú kókó kẹrin níṣojú wa. Bébà owó náà ti rọ̀, wọ́n tẹ́ ẹ lórí tábìlì, wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ na ìkọ̀ọ̀kan wọn. Owó tí wọ́n ń kó jọ fún ilé ẹ̀kọ́ gíga mi ni. Mi ò mọ̀ títí di ìgbà náà.

Ó yẹ kí n dúró díẹ̀ lórí tìróò, nítorí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kan ìlera ọmọ títí di bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí. Ti ìyá mi wà nínú ìgò idẹ kékeré kan tí kò gùn tó ìka, ọ̀pá rẹ̀ ni ìdérí rẹ̀. Wọn kì í jáde láìlé tìróò. Wọ́n á fa ọ̀pá yọ, wọ́n á gbọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan sí etí ìgò, wọ́n á pa ojú dé díẹ̀, wọ́n á wá fa ọ̀pá náà gba àárín ìpéǹpéjú òkè àti ti ìsàlẹ̀, láti ìhà imú lọ sí ìhà etí. Wọn ò nílò dígí. Wọ́n lè ṣe é nínú ọkọ̀ tó ń sáré, mo sì ti rí i tí wọ́n ṣe é.

Òjé ni tìróò. Òkúta dúdú kan tó ń dán ni wọ́n ń lọ̀ kúnná, òjé àti imí ọjọ́ ló para pọ̀ di òkúta náà, a sì ń wà á nílẹ̀ nínú orílẹ̀-èdè wa níbí, bíi ní agbègbè Abákálíkì. Ní ọdún 2011, ní Boston ní Amẹ́ríkà, àwọn dókítà yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọ ọwọ́ kan wò, wọ́n bá òjé níbẹ̀. Àwọn òbí ọmọ náà tan mọ́ Nàìjíríà, tìróò tó ti ilé wá ni wọ́n ń lé fún un kí ojú rẹ̀ lè dára. Nígbà tí wọ́n yẹ tìróò náà wò, ó lé ní ìdá 80 nínú 100 rẹ̀ tó jẹ́ òjé. Ilé iṣẹ́ CDC tó ń rí sí àrùn ní Amẹ́ríkà gbé ìròyìn náà jáde ní ọdún 2012. Ọmọ ọwọ́ á fọwọ́ ra ojú, á ti ọwọ́ kan náà bọ ẹnu, òjé sì máa ń ba ọpọlọ ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dàgbà jẹ́, bó tilẹ̀ kéré. Gbogbo wa ni wọ́n lé e fún ní kékeré, pẹ̀lú ìfẹ́. Ẹ̀yin ìyá tí ẹ ṣì ní ìgò yẹn nílé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe lé e fún ọmọ ọwọ́. Ẹ tọ́jú ìgò rẹ̀ bó bá jẹ́ ti ìyá yín, ṣùgbọ́n ẹ da ohun tó wà nínú ẹ̀ nù.

Pọ́dà, ìtọ́tè àti dígí kò gba àlàyé púpọ̀. Gbogbo obìnrin ló ní wọn, dígí róbótó tó ní àwòrán lẹ́yìn ló pọ̀ jù. Àǹtí Nọ́ọ̀sì fẹ́ràn lọ́fínńdà olómi, ìyá mi fẹ́ràn Bint el Sudan, òróró olóòórùn dídùn inú ìgò kékeré tí àwọn Haúsá ń tà. Ẹ̀kán kan péré ni, lẹ́yìn etí, kò sì ní lọ títí di àṣálẹ́. Lásìkò ọyẹ́, òrí máa ń wà nínú agolo kékeré fún ètè tó bá là. Orín wà níbẹ̀ fún ẹni tó bá jáde nílé kílẹ̀ tó mọ́.

Píìnì ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ẹ̀. Agolo Robb tó ti tán ni ìyá mi ń kó o sí. Wọ́n fọ agolo náà, síbẹ̀ òórùn Robb ò kúrò níbẹ̀, gbogbo píìnì tí wọ́n bá mú jáde ló ń ta sánsán. Píìnì tó ń pa ẹnu dé wà níbẹ̀, ńlá àti kékeré, bọ́tìnì funfun mẹ́ta mẹ́rin, àti bébà líle kan tí wọ́n wé òwú dúdú àti òwú funfun mọ́, tí wọ́n sì gún abẹ́rẹ́ kan mọ́ lára. Lóde ìgbéyàwó láyé tí sẹ́gọ́sẹ́gọ́ lòde, gèlè máa ń le, ó máa ń dúró sókè, bí afẹ́fẹ́ bá sì gbá a, ó lè yẹ̀ lórí. Ẹ máa gbọ́ tí wọ́n á máa pariwo láti tábìlì kan sí ìkejì pé, “Ta ló ní píìnì?” Ẹnìkan á kàn ní kí wọ́n lọ bá Ìyá Gbági, ìyẹn ìyá mi.

Nígbà kan tá à ń lọ sí Èkó, ọmọbìnrin kan wọ ọkọ̀ wa ní Ògèrè. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ láti jókòó ni síìpù ẹ̀yìn aṣọ rẹ̀ já láti ọrùn dé ìbàdí. Ó fi ẹ̀yìn ti àga, kò mira, omi ti lé sí i lójú. Ìyá mi ò bi í ní nǹkan kan. Wọ́n ṣí báàgì, wọ́n fa agolo Robb jáde.

“Ọmọ mi, kọjú sí fèrèsé.”

Ó yíjú. Wọ́n ní kí n di etí aṣọ méjèèjì mú pọ̀. Wọ́n ti òwú dúdú bọ abẹ́rẹ́, wọ́n sì rán an láti òkè wá sí ìsàlẹ̀. Bí ọkọ̀ bá ti fẹ́ bọ́ sínú kòtò, wọ́n á gbé ọwọ́ sókè kí abẹ́rẹ́ má gún un. Wọ́n fi píìnì mẹ́ta ti ìsàlẹ̀. Nígbà tí wọ́n parí, wọ́n fi eyín gé òwú.

“Ẹ ṣé gan-an, mà. Ibo ni mo ti lè dá píìnì yín padà fún yín, mà?”

“Ta ní béèrè píìnì? Jókòó dáadáa. Má fẹ̀yìn tì, kó má gún ẹ.”

Wọ́n dé agolo, wọ́n dá a padà sínú báàgì, wọ́n sì ń bá oorun wọn lọ.

Oògùn pọ̀ jù nínú báàgì Àǹtí Nọ́ọ̀sì. Robb wà fún imú tó dí, fún orí tó ń fọ́, fún ẹni tí òòyì bá ń kọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n á fi kan ẹ̀bátí méjèèjì, wọ́n á gbé díẹ̀ sábẹ́ imú. Hóró oògùn orí fífọ́ tí à ń pè ní APC náà wà níbẹ̀. Oògùn mẹ́ta ni wọ́n pò pọ̀ nínú ẹ̀: aspirin, phenacetin àti caffeine. Kò sí ọlọ́jà tí kò mọ̀ ọ́n, àwọn aláàárù ń lò ó kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ó pẹ́ kí àwọn onímọ̀ tó fìdí ẹ̀ múlẹ̀ pé phenacetin ń ba kíndìnrín ẹni tó bá ń lò ó léraléra jẹ́, ó sì lè fa jẹjẹrẹ. Ọdún 1983 ni Amẹ́ríkà mú un kúrò lọ́jà. Nígbà tí ọ̀rọ̀ yẹn dé ọ̀dọ̀ Àǹtí, wọ́n da gbogbo èyí tó kù lọ́wọ́ wọn sínú ṣáláńgá. Lẹ́yìn náà, wọ́n ń lọ láti ilé dé ilé ládùúgbò wa, wọ́n ń sọ fún àwọn tí wọ́n ti fún rí pé kí wọ́n má lò ó mọ́. Ilé tí wọ́n ti já wọn ní koro wà. Wọ́n tún padà lọ síbẹ̀.

Nivaquine wà fún ibà. Ó korò, ó sì máa ń yún ọ̀pọ̀ wa títí ilẹ̀ á fi mọ́, ìdí nìyẹn tí súìtì Tom Tom fi wà nítòsí rẹ̀. Nígbà tó yá, kòkòrò ibà dẹni tí oògùn yẹn ò ràn mọ́, ìjọba Nàìjíríà sì fi oògùn tuntun rọ́pò rẹ̀ ní ọdún 2005.

Láílọ́ọ̀nù tí wọ́n ká wẹ́wẹ́, iṣẹ́ méjì ló ń ṣe. Bí òjò bá ṣú, orí ni wọ́n ń dé e sí, nítorí irun tí wọ́n fi irin gbígbóná jó láàárọ̀ kò gbọdọ̀ kan omi. Bí wọ́n bá sì lọ òde, ẹran ni wọ́n ń dì bọ̀ nínú ẹ̀. Ìyá mi kì í jẹ ẹran òde tán. Wọ́n á jẹ ìrẹsì, wọ́n á gbé ẹran sí ẹ̀gbẹ́ àwo, wọ́n á wé e, á sì dé ọwọ́ wa nílé pẹ̀lú òórùn Bint el Sudan lára rẹ̀. A ò mọ̀ nígbà náà pé ẹran kan ṣoṣo ni wọ́n ń fún ẹnìkọ̀ọ̀kan lóde.

Ohun kan wà tí a kì í dárúkọ. Nínú àpò kékeré tó ní ìdè, tó wà nísàlẹ̀ pátápátá, aṣọ funfun tó mọ́ tónítóní wà níbẹ̀ tí wọ́n gé, tí wọ́n ká, nítorí nǹkan oṣù. Nígbà tí tèmi bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ ni ìyá mi ti mú èyí tí mo kọ́kọ́ lò. Iléèwé wa ò ní omi, kò ní ilé ìyàgbẹ́ tó ní ìlẹ̀kùn. Ọmọbìnrin tí ìyá rẹ̀ ò bá kó irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sínú báàgì iléèwé fún, ilé ló máa jókòó sí títí yóò fi tán.

Àwọn bébà ló kù. Fọ́tò páṣípọ́ọ̀tù gbogbo ọmọ wà nínú àpòòwé kan, nítorí pé kò sí fọ́ọ̀mù kan tí kì í béèrè rẹ̀, oní-fọ́tò ò sì sí nítòsí ọ́fíìsì gbogbo. Ìwé kékeré tí wọ́n kọ àdírẹ́sì sí wà. Lẹ́tà ẹlòmíì wà, nítorí ẹni tó ń lọ sí Èkó ló ń bá gbogbo àdúgbò jíṣẹ́, á sì fi ẹsẹ̀ wá ilé náà títí á fi rí i. Tẹ̀sùbáà wà nínú báàgì àwọn ìyá tó jẹ́ mùsùlùmí, ìwé orin wà nínú ti àwọn onígbàgbọ́. Ti ìyá mi ní méjèèjì, torí ìyá wọn jẹ́ mùsùlùmí, tẹ̀sùbáà ìyá wọn ni wọ́n ń gbé kiri.

Ọdún 2001 ni fóònù alágbèéká dé, ó sì gba ọ̀pọ̀ nínú ẹrù yìí lọ́wọ́ báàgì: àdírẹ́sì, fọ́tò, lẹ́tà, dígí, ìwé báńkì, káàdì àjọ pàápàá. Mi ò bínú sí i. Ìyá mi ì bá fẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, nígbà tí wọ́n ń pààrọ̀ owó, tí náírà wọ́n bí ojú, tí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì báńkì ò lọ, mo rí àwọn ọmọ tó ní owó nínú fóònù tí wọn ò rí owó ọkọ̀ san. Àwọn ìyá tó ṣì ń so kókó sí ìnujú ló ń san án fún wọn. Nínú ọkọ̀ kan ní Ìwó Road, ìyá kan san ti èèyàn mẹ́rin, kò sì wo ojú wọn kó tó san án.

Ọmọbìnrin mi ń ṣiṣẹ́ ní Èkó. Nígbà tó wálé kẹ́yìn, ó gbé báàgì rẹ̀ lé mi lẹ́sẹ̀, ó ní, “Mọ́mì, ẹ bá mi wo kọ́kọ́rọ́ nínú ẹ̀.” Mi ò lè tọwọ́ bọ̀ ọ́. Mo ní kó wá mú un fúnra rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó da gbogbo ẹ̀ sórí àga: sánítáísà, páàdì, láílọ́ọ̀nù onísíìpù kan tí oògùn wà nínú rẹ̀, àti páwà báǹkì méjì. Mo bi í pé kí ló ń fi méjì ṣe. Ó ní ọ̀kan ni tòun. Èkejì wà fún ẹni tí fóònù rẹ̀ bá kú nínú ọkọ̀ lálẹ́, tí kò sì ní lè pe ilé.